Ẹ Má Tíì Ká Àwọ̀n Yín

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A kú ojúmọ́ ire.

Atamátàsé là ń pe agbábọ́ọ̀lù iwájú lédè wa. Ṣùgbọ́n ní Ife Àgbáyé 1994, ní Amẹ́ríkà, Hwang Sun-hong ọmọ Gúúsù Kòríà ta, ó tàsé, ó tún ta, ó tún tàsé, títí ayò wọn pẹ̀lú Bolivia fi parí sí ọ̀mì, òdo sí òdo. Ó padà gbá ọ̀kan sáwọ̀n Jámánì, síbẹ̀ èébú ló kún etí rẹ̀. Nígbà tí ti 1998 ku ọjọ́ díẹ̀, ó fara pa níbi tí wọ́n ti ń bá Ṣáínà gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Ó dé Faransé, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan.

Ẹ wá wo ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, 2002, nílùú Busan. Láti 1954, Kòríà ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 ní Ife Àgbáyé, wọn ò borí ẹyọ kan. Ní ìṣẹ́jú 26, Lee Eul-yong fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti apá òsì. Hwang ò jẹ́ kó balẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ òsì ló fi pàdé rẹ̀, ó di inú àwọ̀n Pólándì! Ó sáré lọ dì mọ́ Park Hang-seo, igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá, létí pápá. Ẹni ọdún 33 ni Hwang nígbà náà. 2 sí òdo ni wọ́n fi borí.

Ẹ rántí Pétérù. Nígbà tí Jésù bá a, ó ti ń fọ àwọ̀n. Ẹni tó bá ń fọ àwọ̀n ti gbà pé iṣẹ́ parí. Jésù ò fún un ní àwọ̀n tuntun o. Èyí tó fi gbogbo òru ṣe òfo náà ló ní kó tún jù sómi.

Hwang di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Lọ́jọ́ tí líìgì Kòríà ti 2013 parí, ọ̀mì lásán ti tó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ulsan láti gba ife. Pohang Steelers tirẹ̀, tí kò ní àjèjì kankan nínú ẹgbẹ́, gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú 95, wọ́n gba ife mọ́ Ulsan lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, Indonéṣíà fi pẹnálítì borí àwọn ọ̀dọ́ Kòríà tó ń kọ́, wọn ò rí Òlíńpíìkì lọ. Ní oṣù kẹfà, Daejeon, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ti kọ́ rí, tún pè é padà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, ibi tí wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín, ibẹ̀ ni kí o ti gbé orí mi sókè, lórúkọ Jésù.

Olúwa, rántí arábìnrin wa tó ti gbé máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Rán oníbàárà sí i lónìí.

Ọwọ́ mi tó ń tàsé, Olúwa, tọ́ ọ sọ́nà láàárọ̀ yìí. Àmín.