Ṣáláńgá Ló Ṣáájú Ìrẹsì: Iṣẹ́ Òòjọ́ ní Àgọ́ Omíyalé

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá bá wa ṣiṣẹ́ ní àgọ́ omíyalé. Alága ní 40 ìṣẹ́jú ni mo ní. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé orí ṣáláńgá nìkan ni mo lè lò ó tán.

Gbogbo yín lẹ rí àwòrán Lokoja ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, tí omi gorí títì Abuja, tí tánkà epo tò lọ rẹrẹẹrẹ. N kò ní tún ìyẹn sọ. N kò sì ní dá sí ẹjọ́ ìsédò Lagdo ti Cameroon, ta ló ṣí i, ta ni kò kọ́ ti Dasin Hausa ní Adamawa tó yẹ kó gba omi rẹ̀. Etí yín ti kún fún un. Ó lé ní 600 ènìyàn tó kú káàkiri Nàìjíríà lọ́dún yẹn, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tí omi lé kúrò nílé. Ibi tí wọ́n sùn ni ọ̀rọ̀ tèmi.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àgọ́ wa. Bẹ́ńṣì wà níta, ẹní wà nínú kíláàsì: Ìgalà, Ẹ̀bìrà, Nupé, Bàsá, àti àwọn ará Òwòrò tí ẹnu wọn kò jìnnà sí tiwa. Ìdájí la ti ń jí, kì í sì í ṣe ìkòkò la kọ́kọ́ ń ṣí wò. Ṣáláńgá ni. Ẹnì kan á mú tọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan á mú igi gígùn, a ó wọn ibi tí ihò kún dé. Bó bá ti ku ìdajì mítà kó kún, a ó fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, òmíràn sì ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan omi ìfọwọ́. Kẹ́ẹ̀gì la lu nídìí, ìṣó la fi dí i. Fa ìṣó, omi á máa ṣe tín-ín-rín. Okùn la fi so ọṣẹ, nítorí ọṣẹ tí a kò bá so, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a níbẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó da chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí táǹkì, a ó sì dúró fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó pọn. Àwọn ìyá á máa ṣépè fún wa lórí ìlà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣé e.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń pín oúnjẹ ń pè mí ní Alága Ìgbẹ́. Mo gba oyè náà. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Goma, ní Congo (Zaire nígbà náà), lọ́dún 1994. Àwọn ará Rwanda tí ogun lé ya wọ ibẹ̀ ní oṣù keje. Orí àpáta tí òkè oníná pọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n dó sí, dígà kò wọlẹ̀. Omi adágún Kivu ni wọ́n ń mu. Kámẹ́rà ti dé, ọkọ̀ oúnjẹ ń bọ̀, síbẹ̀ àwọn tó kú lóṣù àkọ́kọ́ tó nǹkan bí 50,000, onígbáméjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Nítorí irú ìyẹn ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìlànà Sphere tó wà lọ́wọ́ yín yìí, òṣùwọ̀n àgbáyé fún ìrànlọ́wọ́ nígbà àjálù, lọ́dún 1997: omi lítà 15 fún ẹnì kan lóòjọ́, ṣáláńgá kan fún 20 ènìyàn, tàbí 50 bí wàhálà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́. Ẹ fi hàn mí, olóṣèlú wo ló dúró ti ṣáláńgá ya fọ́tò? Àpò ìrẹsì ni wọ́n ń gbá mọ́ra.

Ibi tí mo dé rèé tí ìyá nọ́ọ̀sì kan fi nawọ́ láti ẹ̀yìn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣáláńgá yín yìí, ta ló ń bá ọmọge lọ síbẹ̀ lóru?”

Ìparí ni mo fi í sí, mà, ṣùgbọ́n ẹ ti fà á wá síwájú. Ní àgọ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í mu omi mọ́, kí ìtọ̀ má baà lé wọn jáde nínú òkùnkùn. Abiyamọ tó ń fún ọmọ lọ́mú náà wà nínú wọn. Nítorí náà ẹni tó bá ka ihò lọ́sàn-án tó ní ó pé, kò tíì kà á lóru. Sphere ní kí ti obìnrin jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan ti ọkùnrin. Ìdábùú la fi sí ilẹ̀kùn láti inú, a gbé iná sólà kọ́ sójú ọ̀nà. Àwọn ìyá fúnra wọn ló sọ ibi tí a ó gbẹ́ ẹ sí: ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná, torí pé àwọn àgbà obìnrin kì í tètè kúrò nídìí iná. Káfíńtà wa ní òórùn yóò máa fẹ́ sọ́dọ̀ oúnjẹ. A sún un síwájú díẹ̀, níbi tí ojú àwọn ìyá ṣì tó o. Àwọn obìnrin ló borí.

Alága ti ń wo aago. Ìforúkọsílẹ̀: orúkọ ìyálé ilé ni kẹ́ ẹ kọ sórí káàdì oúnjẹ, bí ọkọ tilẹ̀ bínú. Ìgbẹ́ gbuuru: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n ojú ṣíbí, nínú lítà omi mímọ́ kan, kó máa mu ún bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìjà orí ìlà: ẹ pe bàbá àgbà, ẹ má pe ọlọ́pàá.

Ẹni tó béèrè nípa owó: owó mọ́tò ni wọ́n ń fún wa, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Bàtà rọ́bà, ẹ rà á fúnra yín, kẹ́ ẹ sì gba abẹ́rẹ́ ipá kẹ́ ẹ tó wá.