Barney Padà Wá Tò Sórí Ìlà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Kíṣìnì mi ní Grays, ní England níbí, ni mo jókòó sí, àwọn ọmọ ti sùn, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ nǹkan tó ń kùn lábẹ́lẹ̀, fíríìjì ni o.

Ọ̀rọ̀ dáàtì ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé á ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu. Dáàtì náà ni, ọfà kékeré táwọn òyìnbó ń jù mọ́ bọ́ọ̀dù nílé ọtí. Ọkùnrin kan wà, ọmọ Nẹ́dálándì, Raymond van Barneveld lorúkọ ẹ̀, Barney ni gbogbo ayé ń pè é, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, mo dẹ̀ mọ ohun tó fà á.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n rèé. Lọ́dún 2019, iṣẹ́ care ni mò ń ṣe, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan ní Purfleet láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Daddy ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n máa forúkọ pe àwọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ju bàbá tó bí mi lọ́jọ́ orí, ẹnu mi ò lè gbé e, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá ó mọ́ wọn lára. Dáàtì layé Daddy. Nígbà tára wọn ṣì le, àwọn ni wọ́n máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù nínú pọ́ọ̀bù, tí wọ́n á máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó kù sílẹ̀ fáwọn tó ń ta. Ṣọ́ọ̀kì! Ibẹ̀ letí mi ti là, torí èmi tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ ohùn ẹ̀ yìí, ọdún 14 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò l'Abẹ́òkúta, ṣọ́ọ̀kì ò fìgbà kan kúrò lábẹ́ èékánná mi.

Ìṣirò lásán ni dáàtì, ká sòótọ́. 501 ni wàá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó o bá ta, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, wàá máa sọ̀ kalẹ̀ títí wàá fi kan òdo gẹ́lẹ́, ọfà tó gbẹ̀yìn dẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ dọ́bù, ìyẹn ìlà tín-ín-rín tó wà létí bọ́ọ̀dù yẹn, tó ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì, tàbí ojú àárín gbùngbùn bọ́ọ̀dù. Ìlà tín-ín-rín kejì tó wà nínú ló ń sọ nọ́ńbà di ìlọ́po mẹ́ta. Ọwọ́ Daddy ti ń gbọ̀n nígbà yẹn, síbẹ̀ tí mo bá gbé ìwé fún wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i pé mo wá, ìka mẹ́ta ni wọ́n máa fi mú báírò, wọ́n á kọ́kọ́ nà án síwájú bíi dáàtì, wọ́n á wò mí lójú, "141?", ìyẹn ni pé tó bá ku 141, báwo lèèyàn ṣe máa fi ọfà mẹ́ta parí ẹ̀? Èmi náà á dáhùn, ogún mẹ́ta, 60, mọ́kàndínlógún mẹ́ta, 57, ó ku 24, dọ́bù 12. Inú wọn á dùn bí ọmọdé. Mo wá kọ́ wọn ní tiwa. Ẹ wò ó, 180 tó jẹ́ pé òun lèèyàn lè fi ọfà mẹ́ta ta tó pọ̀ jù, ọfà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ogún mẹ́ta, àpapọ̀ ẹ̀ ogún mẹ́sàn-án, ọgọ́sàn-án! Bí Yorùbá ṣe ń pè é ló ṣe wà lórí bọ́ọ̀dù. Daddy kọ́ ọ títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, tẹ́nì kan bá ta á lórí tẹlifíṣọ̀n wọ́n á pariwo "ọgọ́sàn-án" kí ẹni tó ń kéde tó lanu.

Barney ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọmọ Den Haag ni, lẹ́tà ló ń pín láti ojúlé dé ojúlé kí dáàtì tó gbà á pátápátá. Ní 1995 ó dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Lakeside ní Frimley Green, Richie Burnett nà án. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, 1998, Burnett yẹn náà ló tún pàdé, 6-5 ló fi gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, òun sì ni ọmọ Nẹ́dálándì àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé. Ó tún gbà á ní 1999, 2003, 2005. Ẹ jẹ́ n sọ pé gbogbo ọmọ Nẹ́dálándì tẹ́ ẹ̀ ń rí nídìí dáàtì lónìí, àti Michael van Gerwen fúnra ẹ̀, ọ̀nà tí Barney là ni wọ́n ń tọ̀.

Ní 2006, ó fi BDO, ẹgbẹ́ dáàtì tó ti ń jọba, sílẹ̀, ó lọ sí PDC, ẹgbẹ́ kejì tó ń bá a díje, níbi tí Phil Taylor wà, Taylor tó ti gba ife àgbáyé 13. Ta ló rán an níṣẹ́? Ẹ̀rọ̀ wà ńbi tó wà kẹ̀. Àṣekágbá ife àgbáyé PDC ti 2007, ọjọ́ kìíní ọdún, Circus Tavern ní Purfleet, ibi tí mo máa ń kọjá níwájú ẹ̀ tí mo bá ń lọ sọ́dọ̀ Daddy tí mi ò mọ ohun tó jẹ́! Daddy wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní ẹ̀yìn pátápátá làwọn jókòó sí. Set ni wọ́n ń kà, leg mélòó kan ló wà nínú set kan, leg kan sì ni láti 501 dé òdo. Taylor ti ṣíwájú 3-0. Barney ò mì, ó ń lé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó di 6-6, set tó kẹ́yìn náà tún dọ́gba títí ó fi ku leg kan ṣoṣo, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló kó gbogbo ẹ̀ lọ. Barney ló jẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí Daddy bá ń sọ ọ́, etí wọn á pọ́n.

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá síbí lónìí.

Ní March 2019, ní Rotterdam níwájú àwọn èèyàn ẹ̀, van Gerwen nà án 7-1, lálẹ́ ọjọ́ náà Barney ní òun ti ṣe tán, òun ò ta dáàtì mọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní rárá, òun á parí ọdún. December dé, ìdíje àgbáyé ní Alexandra Palace ní London, ó pàdé Darin Young, ará Amẹ́ríkà, nípele àkọ́kọ́, ó pàdánù 3-1. Èmi àti Daddy la jọ wò ó. Ojú ọkùnrin yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó bínú sí ara ẹ̀ lójú ayé débi pé mo fẹ́ẹ̀ lè nawọ́ kàn án nínú tẹlifíṣọ̀n kí n ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Daddy ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n.

Mo mọ ojú yẹn torí èmi náà ti gbé e rí. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mo kó gbogbo ìwé ẹ̀rí mi lọ síbi kan kí wọ́n lè gbà mí bí olùkọ́, wọ́n ní kí n lọ mú eléyìí wá, mo mú un wá, wọ́n ní tọ̀hún ló kù, ẹni tó ń dá mi lóhùn ò ju ọmọ tí mo kọ́ ní JSS lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo pe àǹtí mi l'Abẹ́òkúta, mo fi ẹkún sọ fún wọn pé láyé láyé, mi ò ní dúró níwájú kíláàsì mọ́. Mo búra sí i ni. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ló gbọ́.

Barney ọ̀hún, kò pé ọdún kan tó fi ní òun ń padà bọ̀. Kì í kàn án ṣe pé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un o. Ẹni tó ti gba ife àgbáyé ẹ̀ẹ̀márùn-ún, Q-School ló padà sí ní February 2021, ibi táwọn tẹ́nì kan ò mọ̀ ti ń du káàdì tí wọ́n á fi wọ ìdíje. Ọmọ ọdún 53 ni, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń bá a fínra, ó wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí nígbà tó gba ife àkọ́kọ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò dúró. Ó gba káàdì náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ló na Joe Cullen ní àṣekágbá Players Championship kan, ọ̀kan nínú àwọn ìdíje PDC. Mo wà nílé Daddy pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu nígbà tí mo rí i lórí fóònù, mo kà á sí wọn létí, ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n yẹn, wọ́n gbé e sókè.

Daddy ti kúrò láyé báyìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà ti dé pé wọ́n gbà mí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. Mo ti lé ní 45, látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni màá tún ti bẹ̀rẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí kì í ṣe ìṣirò, ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ẹnu ara mi sọ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e pamọ́ fáwọn ará ilé. Àná ni mo tó pe àǹtí mi.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo búra fún mi níjọ́sí?"

Mo ní, "Èmi náà ni mà."

Wọ́n tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó da. Aṣọ wo lo fẹ́ wọ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"