Sun Dong-yeol: Ẹ Má Ka Nọ́ńbà Yìí Sódì

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú fóònù yín yẹn: 1.20. Òun ni Sun Dong-yeol, ajubọ́ọ̀lù béèsìbọ́ọ̀lù, fi kúrò ní líìgì Kòríà lẹ́yìn tó ti ju bọ́ọ̀lù fún Haitai Tigers nílùú Gwangju láti 1985 títí di 1995. Gbogbo ẹni tí mo bá fi hàn ló máa ń sọ pé, "Ah, ó mà kéré o!" Ó kéré ni! Kíkéré yẹn gan-an ni iyì rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà, ẹ jẹ́ ká rọra. ERA ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yìí. Abala mẹ́sàn-án ni eré béèsìbọ́ọ̀lù ní. Ajubọ́ọ̀lù ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí alátakò tó di igi mú láti fi gbá a. ERA ń sọ iye ayò tí àwọn alátakò ń rí gbà lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù kan bó bá ju abala mẹ́sàn-án pé. Kì í ṣe ayò tí òun gbà o. Ayò tí wọ́n GBÀ LỌ́WỌ́ RẸ̀ ni! Ẹ bá mi sọ ọ́: BÓ BÁ ṢE KÉRÉ TÓ LÓ ṢE DÁRA TÓ!

Èmi tí ẹ ń wò yìí, bí mo bá ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, aṣọ́lé ni ojú mi máa ń wà lára rẹ̀, kì í ṣe atamátàsé. Ajubọ́ọ̀lù àti aṣọ́lé, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe lójú mi: kí nǹkan má wọlé. Bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tiwọn bá wá fi orí kan bọ́ọ̀lù sílé ara wọn, ṣé aṣọ́lé lẹ máa bú? Bẹ́ẹ̀ náà ni ERA rí. Bí ẹni tó yẹ kó mú bọ́ọ̀lù bá já a sílẹ̀, tí àwọn alátakò fi gba ayò, wọn kì í kà á sí ajubọ́ọ̀lù lọ́rùn.

Ó yé wa báyìí? Ó dáa. 1986, 0.99. 1987, 0.89. 1993, 0.78. Sáà mẹ́ta gbáko tí ayò kan ṣoṣo ò pé lọ́wọ́ rẹ̀ nínú abala mẹ́sàn-án! Slider ni ohun ìjà rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà á máa bọ̀ tààrà, kíákíá, ẹni tó di igi mú á ti gbé igi sókè pé ọwọ́ òun ti bà á. Bó bá ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á yà bàrá. Afẹ́fẹ́ ló máa fi igi nà.

Ẹ wá gbọ́ ti May 16, 1987, ní Busan. Choi Dong-won ti Lotte Giants ló kò ó lójú. Abala mẹ́sàn-án parí, wọ́n ta ọ̀mì. Wọ́n ń bá a lọ. Abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún parí, 2-2, ọ̀mì náà ni. Kò sẹ́ni tó rọ́pò ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì! Choi ju bọ́ọ̀lù 209. Sun ju 232! Lóde òní, bí ajubọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ 100, kóòṣì á ti máa wá ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lọ sí Jàpáàn ní 1996, sọ́dọ̀ Chunichi Dragons ní Nagoya. Ọdún àkọ́kọ́ ò dára, 5.50. Lọ́dún kejì, 1.28, ó sì ti ilẹ̀kùn eré ní ìgbà 38, ìyẹn ni pé ó wọlé níparí eré, kò sì jẹ́ kí àwọn alátakò lé ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti ṣáájú bá. Wọ́n gba ife líìgì wọn ní 1999, ó sì fẹ̀yìn tì.

Ohun tó wù mí jù ló kàn. Ọkùnrin tó ju 232 ní ọjọ́ kan ṣoṣo yìí, kí lẹ rò pé ó ṣe nígbà tó di kóòṣì àgbà fún Samsung Lions ní Daegu ní 2005? Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe bíi tirẹ̀! Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré á ju abala márùn-ún, bóyá mẹ́fà, ó ti tó, máa bọ̀. Kwon Oh-joon á wọlé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oh Seung-hwan, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé lọ́dún yẹn, á wá ti ilẹ̀kùn. Bí Samsung bá ti fi ayò kan ṣáájú dé ibẹ̀, ẹ máa kó ẹrù yín lọ sílé. Ife 2005, tiwọn ni. Ife 2006, tiwọn ni!

Síbẹ̀, àwọn kan ń sọ pé kò mọ iṣẹ́ kóòṣì. Kia Tigers ni wọ́n ń wò, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti yí orúkọ padà, tó darí láti 2012 sí 2014. Ipò karùn-ún, ìkẹjọ, ìkẹjọ. Mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ife méjì ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ta ló fún un lọ́fẹ̀ẹ́?

Ó darí ikọ̀ Kòríà lọ sí Ìdíje Éṣíà ní Jakarta ní 2018, wọ́n sì na Jàpáàn 3-0 ní àṣekágbá. Ní Kòríà, ẹni tó bá gba góòlù níbẹ̀ máa ń bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ológun bó ṣe yẹ kó ṣe é. Ariwo wá ta pé ó yan àwọn kan nítorí ìyẹn. Ní October, ilé aṣòfin pè é, wọ́n da ìbéèrè bò ó. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ta lórí pápá ni òun wò. Nígbà tó di November, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kóòṣì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé góòlù wálé! Ó ṣì ń dùn mí.