Bí A Ṣe Ń Gun Ìgbì Tí Ìjì Ọ̀nà Jíjìn Rán Wá

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà yìí, nínú ọgbà ilé wa. Ẹ má wo ẹ̀yìn mi kí ẹ máa wá òkun. Ẹní àti pátákó tí a fi ń gun ìgbì, tí à ń dìde dúró lé lórí omi, ni mo tẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ẹni tó bá fẹ́ gun ìgbì ìjì, orí ilẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, atẹ́gùn àti òjò tó ń yí bọ̀ láti ìlà-oòrùn máa ń gba Sudan, Chad àti Nàìjíríà kọjá, wọ́n á wọ òkun Àtìláńtíìkì níbi Senegal. Èyí tó bá bá omi gbígbóná pàdé nínú wọn lè di họ́ríkéènì, ìyẹn ìjì líle ojú òkun. Bí atẹ́gùn rẹ̀ bá ti tó kìlómítà 119 ní wákàtí kan, ó ti di í nìyẹn. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn ará Barbados, Florida àti New York ni ìgbì rẹ̀ ń lọ jù. Èyí tí àwa ń gùn ní Tarkwa Bay l'Ékòó, ìjì ìgbà òtútù tó ń jà ní ìsàlẹ̀ gúúsù Áfíríkà ló ń rán an wá. Ìṣirò kan náà ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní. Táyé, sún kámẹ́rà mọ́ fóònù. Ẹ ṣí Windy, áàpù tó ń sọ bí ojú ọjọ́ àti òkun ṣe máa rí, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Swell sí, ìyẹn ìgbì òkun. Ẹ ó rí mítà, ìyẹn gíga ìgbì. Ẹ ó tún rí sẹ́kọ́ǹdì, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ìgbì kan àti èkejì. Mítà lọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Èmi, sẹ́kọ́ǹdì ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ìgbì mítà kan ààbọ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì 7, atẹ́gùn ìtòsí ló rú u sókè, kò lágbára. Mítà kan ààbọ̀ yẹn náà ní sẹ́kọ́ǹdì 14, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀: ipá rẹ̀ wọlẹ̀ dé nǹkan bí mítà 150 nísàlẹ̀ omi. Tó bá kan ibi tí omi ò ti jìn, á ga ju ohun tí fóònù kọ lọ.

Ẹ fi sẹ́kọ́ǹdì 14 yẹn lọ́po 2.8, á fún yín ní nǹkan bí 39. Kìlómítà tí agbo ìgbì náà ń rìn ní wákàtí kan nìyẹn. Bí ìjì bá wà ní kìlómítà 1,500 sí etíkun, ẹ pín in: bíi wákàtí 38. Ìgbì lè dé nígbà tí oòrùn ń ràn, tí ìjì ò sì ní dé rárá. Ibẹ̀ léwu wà. Ní oṣù kẹjọ 2009, inú òkun ni họ́ríkéènì Bill gbà kọjá lẹ́bàá Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ìgbì rẹ̀ gbá àwọn tó ń wòran lórí àpáta ní Maine, ó sì pa ọmọ ọdún méje kan.

Ìgbésẹ̀ kejì, dídìde. Mo dojú bolẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan ìdí pátákó. Ẹ wo ọwọ́ mi: àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, n ò di etí pátákó mú. Ẹni tó bá dì í mú, pátákó á yí i dànù. Mo ti ara sókè, mo fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tiwájú bọ́ sáàárín ọwọ́. Orúnkún tẹ̀, ojú ń wo iwájú. Ẹ má kúnlẹ̀ kí ẹ tó dìde o. Àdúrà kọ́ là ń gbà. Ẹ ò mọ ẹsẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú? Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ sáré yọ̀ lórí táìlì pálọ̀. Èyí tó bá ṣáájú fúnra rẹ̀ ni.

Tí ẹ bá wá dé etíkun, ẹ jókòó, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìgbì ìjì máa ń wá ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, omi á wá parọ́rọ́ pẹ́ títí. Àkókò yẹn ló ń tan èèyàn wọlé. Ẹ tún ṣọ́ ibi tí ìgbì ò ti fọ́ funfun láàárín ibi tó ti ń fọ́: omi tó ń fa nǹkan padà sí agbami ló wà níbẹ̀. Bó bá gbé yín, ẹ má bá a jà. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí pátákó, ẹ fọwọ́ wa omi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìbú etíkun, títí á fi fi yín sílẹ̀.

Bí ẹ bá já bọ́, ẹ má fi orí ṣáájú. Ẹ fi apá méjèèjì bo orí kí ẹ tó yọjú, torí okùn tó so pátákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ yín lè fà á padà wá gbá yín lójú. Táyé, gbé kámẹ́rà fún Kẹ́hìndé. Wá dùbúlẹ̀, ó kàn ẹ́.