Ọ̀nà Wo Ni Ìgò Oyin Yìí Máa Gbà Dé Ọwọ́ Ẹni Tó Máa Rà Á?

Ẹ wo ìgò tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Oyin ni, wọ́n ti po atalẹ̀ mọ́ ọn. Ká ní ẹ̀yin lẹ ṣe é. Gbogbo ẹni tó tọ́ ọ wò ló ń lá ìka. Síbẹ̀, páálí mẹ́wàá ṣì wà nísàlẹ̀ ibùsùn yín, oṣù kẹta rèé.

Adùn kọ́ ni ìṣòro yín mọ́. Ọ̀nà ni. Ibo ni oyin yìí máa gbà dé ọwọ́ ẹni tó máa sanwó rẹ̀, tó sì tún máa padà wá ra òmíràn?

Ilé ìtajà ńlá ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Wọ́n á ní bí ọjà àwọn bá ti lè dé orí àtẹ ibẹ̀, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó máa ta oyin náà, ó gbọ́dọ̀ wo ẹnu àáké dáadáa. Ẹ mú bírò, ká ṣírò owó yìí láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú.

Ká ní 100 ni ẹni tó wá rajà máa san lórí káńtà. Onílé ìtajà ò ní gba ìgò yín ní 100. Ó ní owó iná láti san, ó ní òṣìṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jèrè. Bó bá yọ 40, ó ku 60. Ṣé ẹ rò pé ọwọ́ yín ni 60 yẹn ń bọ̀ tààrà? Ilé ìtajà ńlá kì í sábà gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ru páálí kan wá. Ọwọ́ alágbàtà ló ti ń gbà á, alágbàtà ò sì ní ṣiṣẹ́ lófo. Bó bá mú ìdá kan nínú mẹ́rin, 15 lọ, ó ku 45. Inú 45 yìí lẹ ti máa yọ owó oyin, owó atalẹ̀, ìgò, ìdérí, ìwé ara ìgò, owó ọkọ̀, àti àwọn ìgò tẹ́ ẹ máa ṣí fáwọn èèyàn tọ́ wò. Bí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ 38, ó ku 7 fún yín.

Bó bá wá jẹ́ 50 ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ wá ń sanwó fáwọn èèyàn kí wọ́n lè jẹ oyin yín nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ọjà ń tà o! Bó ṣe ń tà sí i ni gbèsè ń ga sí i.

Iye tí kálukú ń yọ yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ béèrè tibi tẹ́ ẹ wà, kẹ́ ẹ fi rọ́pò tèmi. Láti orí àtẹ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kì í ṣe láti ìdí ìkòkò.

Ó yá, ẹ tún un ṣe fún ìgò tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tà lórí tábìlì, láàárín ọjà. Gbogbo 100 lẹ gbà. Ẹ san owó àyè, ẹ sì fi wákàtí mẹ́fà dúró lórí ẹsẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ń rẹni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà lórí tábìlì yẹn tí kò sí níbòmíràn: ojú ẹni tó ń tọ́ ọ wò.

Ẹ wo obìnrin kan tó dúró níwájú yín. Ó gba ṣíbí, ó fi sẹ́nu. Kò sọ̀rọ̀. Ó yí ìgò padà, ó ń ka ẹ̀yìn ẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wá ní, "Kí ni wọ́n ń fi jẹ?"

Ẹ kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wúlò ju "ó mà dùn o" táwọn ọ̀rẹ́ yín ń sọ lọ. Ohun tó ń sọ ni pé ìwé ara ìgò yín ò tíì sọ iṣẹ́ tí oyin yìí ń ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì ní tíì lẹ̀ ń fi í sí, tójú ẹ̀ là, tó yọ owó, ọ̀nà kejì ti yọjú nìyẹn: ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. (Ẹ má ṣáà kọ ọ́ sára ìgò pé ó ń wo ikọ́. Oúnjẹ tó bá ní òun ń wo àìsàn, ọ̀pọ̀ ìjọba ló ń fòfin mú un.)

Ẹ má sì kó oríṣi adùn méjìlá sórí tábìlì yẹn. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Sheena Iyengar àti Mark Lepper, dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú jáàmù ní ilé ìtajà kan ní Kálífóníà, wọ́n sì tẹ àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 2000. Nígbà tí oríṣi 24 wà lórí tábìlì, 60 nínú 100 èèyàn tó ń kọjá ló yà síbẹ̀. Nígbà tó jẹ́ 6, 40 ló yà. Àmọ́ nínú àwọn tó yà síbi 24, 3 péré nínú 100 ló rajà. Níbi 6, 30 ló rà. Èrò pọ̀ síbi 24 lóòótọ́, ìran ni wọ́n wá wò.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ibi tí wọ́n ti ń ta tíì, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí jù. Lọ́dún 1992, Gary Erickson, ẹni tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn ní Amẹ́ríkà, gbé ìpápánu kan tó ń jẹ́ Clif Bar jáde. Ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ rò ó wò. Nílé ìtajà oúnjẹ, oyin yín á fún pọ̀ sáàárín ogún oyin mìíràn. Lórí káńtà oníṣòwò tíì, òun nìkan loyin. Ibi tí ẹni tó máa jẹ ẹ́ ń lọ lẹ máa wá, ibẹ̀ lè máà jẹ́ ilé oúnjẹ rárá.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ò gba àlàyé púpọ̀: ìgò wúwo, ó sì ń fọ́. Ẹ tà á ní mẹ́ta-mẹ́ta kí owó ìfiránṣẹ́ má baà ju owó oyin lọ. Ẹ má sì tà á níbẹ̀ ní iye tó kéré sí tàwọn ilé ìtajà tó ń bá yín tà. Wọ́n á rí i. Wọ́n á bínú.

Bẹ́ ẹ bá wá fẹ́ wọ ilé ìtajà kékeré kan, ẹ má lọ nígbà tí èrò pọ̀. Ẹ gbé ìgò kan fún ẹni tó ń ra ọjà wọlé níbẹ̀, ẹ sọ iye tó máa san, iye tó máa tà á, àti ìgbà tó máa bàjẹ́. Òmíràn á ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀, bó bá tà kóun tó sanwó. Ẹ lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, páálí kan péré, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó sílẹ̀, kẹ́ni méjèèjì fọwọ́ sí i. Àwìn ilé ìtajà márùn-ún lè gbé owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ìgò tuntun mì.

Ẹ gbé 12 síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ, ẹ ka èyí tó kù lórí àtẹ. Bó bá jẹ́ 9, ẹ má tíì wá ilé ìtajà mìíràn o. Ẹ tọrọ àyè fún tábìlì kékeré lẹ́bàá ilẹ̀kùn wọn, kẹ́ ẹ kó ṣíbí wá. Bó bá jẹ́ 2, ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá ó ń tà. Ẹ béèrè iye tẹ́ ẹ máa kó wá.