Ṣé lóòótọ́ ni pé inú odi Jerúsálẹ́mù ni Gọ́lgọ́tà wà?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Jerúsálẹ́mù la wà lónìí, inú ìlú àtijọ́ tí odi yí ká yẹn, gbogbo ẹ̀ ò sì tó kìlómítà kan níbùú lóròó. Àwọn èèyàn wa tó ti lọ tí wọ́n sì ti bọ̀ wá di JP, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi mí, wọ́n á ní Bíbélì ṣáà sọ pé ẹ̀yìn bodè ni Jésù ti jìyà, báwo ni wọ́n ṣe wá ń fi Gọ́lgọ́tà hàn wá láàárín ọjà nínú ìlú? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn.

Odi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí kì í ṣe odi ayé Jésù rárá. Sultan Suleiman, ọba Ottoman, ló mọ ọ́n, nǹkan bí 1537 sí 1541. Láyé Jésù, ẹ̀yìn odi ni Gọ́lgọ́tà wà, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n wá ń sìnkú síbẹ̀, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú Jésù ni Ọba Herod Agrippa na odi síwájú, bí ilẹ̀ yẹn ṣe bọ́ sínú ìlú nìyẹn. Ẹ sì wo èyí: nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ (Holy Sepulchre) tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ibi tí ibojì Jésù wà, ibojì àwọn Júù àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, àwọn Júù kì í sì í sìnkú sáàárín ìlú. Èmi ò tún wá ẹ̀rí míì.

Ọdún 335 ni wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì tí Ọba Constantine kọ́ síbẹ̀ sí mímọ́. Wọ́n wó o ní 1009, wọ́n tún un kọ́, iná jó o ní 1808, wọ́n tún un ṣe. Ìjọ mẹ́fà ló jọ ń lò ó báyìí, Gíríìkì, Kátólíìkì, Àméníà, Kọ́ptíìkì, Síríà àti Etiópíà, àmọ́ ìdílé Mùsùlùmí méjì ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ wọn, ó ti pẹ́ gan-an. Tílẹ̀ bá fẹ́ mọ́, wọ́n á ti inú na àkàbà jáde gba ojú ihò kékeré kan lára ilẹ̀kùn, ẹni tó wà níta á gùn ún, á ṣí kọ́kọ́rọ́ òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí lọ wò ó, torí tó bá dọ̀sán, èrò á ti kún fọ́fọ́, gáìdì á máa kánjú, fọ́tò nìkan lẹ máa rí mú bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, òkúta pẹrẹsẹ kan ló wà níwájú yín, òróró olóòórùn dídùn ti rin ín gbingbin, àwọn ìyá á máa fi áńkáṣíìfù nù ún, wọ́n á ká a sínú báàgì fáwọn ọmọ tó wà nílé. Ẹ má dúró pẹ́ níbẹ̀. Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ gun àtẹ̀gùn tó ga tó sì há yẹn lọ sórí Gọ́lgọ́tà, ẹ kúnlẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ àwọn Gíríìkì, ihò róbótó kan wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àpáta lẹ máa kàn, ó tutù, ó sì rí págunpàgun. Ẹ̀yìn bodè lọwọ́ yín wà yẹn.