Ohun Tó Ń Mú Kí Pápákọ̀ Òfurufú Tu Èrò Lára

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ tí a sọ nílùú Ilé-Ifẹ̀ lórí àwọn pápákọ̀ òfurufú tí èrò fẹ́ràn jù lágbàáyé la kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹni tí kò ráyè wá lè rí i kà.

Ẹni tó bá gbéra ní Ifẹ̀ lọ sókè òkun, kó tó fojú kan bàálù ló ti rẹ̀ ẹ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì ní pápákọ̀ tí bàálù èrò ń gúnlẹ̀ sí déédéé, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa ló ń gba Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Ìbàdàn já sí Ìkẹjà. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lè sọ ìrìn wákàtí mẹ́rin di mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ èrò gbọ́dọ̀ ti dé ní wákàtí mẹ́ta kí bàálù tó gbéra. Òru ni púpọ̀ nínú bàálù wọ̀nyí ń fò. Nígbà tó bá fi máa gúnlẹ̀ láàárọ̀ ní ìlú tí èrò yóò ti wọ òmíràn, gbogbo ara ti ń ro ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wá mábù dídán. Ibi tí yóò na ẹsẹ̀ sí ló ń wá, àti omi mímu, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, àti àmì tí yóò fi ọ̀nà hàn án láìjẹ́ pé ó bi ẹnikẹ́ni. Pápákọ̀ tó bá kọ́kọ́ mú ìpayà kúrò lọ́kàn èrò ni èrò ń yìn. Ọ̀ṣọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ wo pápákọ̀ Schiphol ní ìlú Amsterdam. Ọdún 1967 ni wọ́n ṣí ilé èrò tó wà níbẹ̀, Benno Wissing ló sì ṣètò àwọn pátákó àmì rẹ̀. Ohun tó bá kan bàálù wíwọ̀, bíi géètì àti ibi ìgbẹrù, orí pátákó yẹ́lò ni wọ́n kọ ọ́ sí pẹ̀lú lẹ́tà dúdú. Ohun tó bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù àti oúnjẹ, àwọ̀ mìíràn ni tiwọn. Ẹni tí àkókò ń lé kò ní í ka gbogbo pátákó. Yẹ́lò nìkan ni ojú rẹ̀ yóò máa wá. Abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo ibẹ̀ wà, kò sí pé ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé kan sí èkejì. Bí ààyè bá wà, ẹ̀ka ilé àwòrán Rijksmuseum wà níbẹ̀ láti 2002, ọ̀fẹ́ ni, ilé ìkàwé náà sì wà láti 2010. Àpẹẹrẹ Schiphol yìí náà ni wọ́n wò kọ́ pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí ní 1979. Lójú tiwa, èyí fi hàn pé ilé ṣeé wò kọ́, àmọ́ ìtọ́jú ojoojúmọ́ kò ṣeé rà pẹ̀lú àwòrán ilé.

Ìtọ́jú yìí gan-an ló gbé pápákọ̀ Changi ti Singapore ga, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ní 1981. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, gíláàsì kékeré kan bíi ojú fóònù wà tó ní àwòrán ojú èèyàn, láti orí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín dé orí ẹni tó fajú ro. Èrò tó ń jáde yóò fi ìka tẹ èyí tó bá bá ọkàn rẹ̀ mu. Bó bá tẹ ojú tó le, gíláàsì yóò bi í: ṣé ilẹ̀ tutù ni, ṣé ìwé ìnudìí ti tán, ṣé ibẹ̀ ń rùn ni? Lójú ẹsẹ̀ ni ìròyìn náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀. Wọn kì í dúró di ìgbà tí aago bá tó kí wọ́n tó mú ìgbálẹ̀.

Ohun tí gbogbo ayé mọ Changi mọ́ báyìí ni Jewel, ilé ìtajà àti ọgbà abẹ́ gíláàsì tí wọ́n ṣí ní 2019. Moshe Safdie ló ya ilé náà. Omi ń ya wálẹ̀ láti àárín òrùlé rẹ̀ fún ogójì mítà, kò sì sí ìṣàn omi tó wà nínú ilé tó ga tó o lágbàáyé. Àmọ́ ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń yẹ̀: ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò ni Jewel wà, ọmọ Nàìjíríà sì nílò físà kó tó lè kọjá sí ìta. Ẹni tí kò bá ní físà, kó wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lọ láàárín Terminal 2 àti Terminal 3, ìyẹn ilé èrò kejì àti ìkẹta. Àárín Jewel ló ń gbà kọjá, yóò sì rí omi náà láti ojú fèrèsé. Ọgbà labalábá tó wà ní Terminal 3 kò béèrè físà. Ẹ tún kíyè sí i pé ní Terminal 1 dé 3, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń yẹ ẹrù ọwọ́ wò. Ẹni tó bá ra omi lọ síbẹ̀, wọn yóò gbà á. Ẹ lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó wọlé síbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo géètì ló ní tirẹ̀ nínú.

Fún èrò tiwa, a fẹ́ràn pápákọ̀ Hamad ní Doha, olú ìlú Qatar, ju Changi lọ. Ọdún 2014 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi ọgbà igi abẹ́ gíláàsì kún un ní 2022. Béárì yẹ́lò ńlá kan wà láàárín rẹ̀, ó ga tó mítà méje; ìdí rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣàdéhùn bí ẹ bá pọ̀. Yàrá ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà fún ọkùnrin lọ́tọ̀, fún obìnrin lọ́tọ̀, pẹ̀lú àga tó ṣeé na ẹ̀yìn lé. Ó tó ẹni tó ti wà lójú ọ̀nà láti Ifẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gba Amsterdam tàbí Jámánì, ẹ rántí pé Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ọmọ wọn nílò físà ìkọjá, kódà bí kò bá jáde sígboro. Ẹni tí físà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ kò nílò rẹ̀.

Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí bàálù méjèèjì wà. Bí ẹ bá rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹrù lè bọ́ sílẹ̀ ní ìlú àkọ́kọ́, ẹ ó sì nílò físà láti lọ gbé e. Ní Ìkẹjà, kí ẹ tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́, ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó tóbi lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ báàgì, tó dúró fún pápákọ̀ tí ẹrù náà ń lọ. Bí ẹ bá ń gba Doha lọ sí London, LHR, ìyẹn pápákọ̀ Heathrow, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ DOH ni ẹ rí, ẹ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Amẹ́ríkà nìkan yàtọ̀ díẹ̀: ìlú àkọ́kọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀ sí níbẹ̀ ni ẹ ti máa gbé ẹrù yín, kí ẹ tún fà á lé wọn lọ́wọ́.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù ọwọ́ wò, ata díndín, òrí àti oyin, omi ni wọ́n ń kà wọ́n sí. Ohun tó bá ju 100 ml lọ, inú báàgì ńlá ni kó wà. Power bank, bátìrì tí a fi ń gba iná sí fóònù, kò gbọ́dọ̀ sí nínú báàgì ńlá ní tirẹ̀, nítorí bó bá gbiná nísàlẹ̀ bàálù kò sẹ́ni tí yóò tètè rí i. Wh ni wọ́n fi ń wọn iná tí bátìrì lè gbà: èyí tó jẹ́ 20,000 mAh kò ju 74 Wh lọ, 100 Wh sì ni òdiwọ̀n.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn màmá tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun lókè òkun, tí wọn kò gbọ́ Òyìnbó. Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn, ó pẹ́ tán wákàtí 48 ṣáájú, ẹ béèrè fún kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kódà bí ẹsẹ̀ kò bá dùn wọ́n. Ọ̀fẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ ni yóò tì wọ́n láti Ìkẹjà dé ẹnu bàálù, òmíràn yóò pàdé wọn ní ìlú tí wọ́n ti máa pààrọ̀ bàálù. Ẹ kọ nọ́ńbà bàálù méjèèjì, orúkọ ìlú tí wọ́n ń lọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ tó ń dúró dè wọ́n sínú ìwé kan gàdàgbà gàdàgbà, kí ìwé náà wà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù wọn, kó má wà nínú fóònù tí bátìrì rẹ̀ lè kú.